Àgùntàn Ìkàrẹ́ Kì í Gun Orí Ènìyàn

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé, ẹsẹ̀ kò dá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó ń lọ sóko yóò dúró, ẹni tó ń bọ̀ lódò yóò sọ ìkòkò kalẹ̀: "Báwo ni Àkókó ṣe rí?" Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Mo dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn, mo dá ẹnì kejì lóhùn. Nígbà tó di ẹni kẹwàá, mo mú gègé. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ A B D ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì tíì fi ìmọ̀ náà ṣe ohunkóhun ju Bíbélì kíkà lọ. Ó ti ríṣẹ́ wàyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó wá kà á, tàbí kó wá ẹni tí yóò kà á fún un.

Ẹ mọ ohun tó gbé wa kúrò ní Oǹdó. Àrùn wọ àdúgbò wa, ó gbá gbogbo àgùntàn lọ. Ti olóògbé ìyàwó mi ló kú kẹ́yìn. Ilé méjìlá ló kàn, tèmi wà nínú wọn. Àwọn obìnrin ilé méjìlá náà pé jọ, wọ́n ní kí èmi àti Akíndélé, àbúrò ìyàwó mi, lọ sí Àkókó níbi tí àrùn náà kò dé, kí a mú abo méjìlá àti àgbò kan wá, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè tún fi abo kan bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ló sìn wá sọ́nà.

Ó ní, "Ààyè la fẹ́ o. Òkú àgùntàn, ọbẹ̀ ni. A kò rán yín lọ ra ọbẹ̀."

Ọ̀kà, ìlú orí àpáta

N kò ní í fi ìtàn ọ̀nà dá yín lágara. Igbó ni títí dé Ọ̀wọ̀, ẹ sì mọ igbó. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀ ni ojú ọ̀run ṣí. Igi ń dín kù, koríko ń pọ̀, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a yọ sí gbangba, mo gbójú sókè, mo rí àpáta tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá lórí ara wọn kò lè ga tó, ilé sì wà níbẹ̀.

Akíndélé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyẹ ló ń gbébẹ̀ ni?"

Èèyàn ló ń gbébẹ̀. Ọ̀kà nìyẹn. Ìyá arúgbó kan ru omi kọjá lára wa, ó ń gun òkè lọ, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Àwa tí a kò ru nǹkan kan ń mí bí ẹwìrì. Ó yíjú padà wò wá. Ó ní kí a máa rọra o, pé òkè náà kò ní í sá lọ.

Ní Ìwàrò, àdúgbò kan ní Ọ̀kà, bàbá kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bi wá pé níbo la ti ń bọ̀. A ní Oǹdó. Ó ní kí a tún un sọ. A tún un sọ. Ó bá pe ìyàwó rẹ̀ jáde: "Wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́!" Wọ́n ní à ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Inú wọn dùn sí wa débi pé wọ́n fún wa ní iṣu gbígbóná lóòótọ́, kí wọ́n lè gbọ́ bí yóò ti rí. Epo pupa àti iyọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò tíì jẹ iṣu tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín. Ní Àkókó, ìlú méjì tó ń gbọ́ àkùkọ ara wọn lè má gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, oníkálukú á sì padà sílé lọ sọ tirẹ̀. Àlejò kò jẹ́ nǹkan tuntun fún wọn. Aládùúgbò wọn gan-an, àlejò ni.

Ìkàrẹ́

Ìkàrẹ́ tóbi. Ọjà rẹ̀ tẹ́jú, òkè yí i ká, aṣọ funfun àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹyẹ lékeléke. Ọ̀nà tuntun tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n là wọ inú ìlú tààrà, ó pupa, ó gbòòrò, kò sì sí ìbòji kan lórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló là á, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba abẹ́ igi kọjá ni wọ́n ṣì ń rìn.

Alùfáà Súlè ló gbà wá sílé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi ọdán. Ó béèrè àlàáfíà wa, àlàáfíà ilé wa, àlàáfíà oko wa, kò sì béèrè ohun tí a wá ṣe. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ni ó tó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí?" Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ìwà wọn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn, bí o bá bi ẹni tí ebi ń pa ní ìbéèrè, o ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fátùú, opó kan tó lé ní àádọ́rin ọdún, tí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ga jù ú lọ. Òun ló ní àgùntàn jù ní àdúgbò náà. Wọ́n mọ́ lára, irun wọn ń dán, ó sì ń fi orúkọ pè wọ́n. A yan abo méjìlá àti àgbò kan, a sanwó, a dúpẹ́. Kò bi wá bí a ó ṣe kó wọn lọ. Àwa náà kò sọ. Oníkálukú wa rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láyé tí wọ́n ń gbà kó àgùntàn.

Ohun tí a ṣe

Ẹ mọ tiwa. Ẹ̀gún ni igbó wa, gbòǹgbò ni, odò ni. Àgùntàn tí a bá tú sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹkùn ló ni ín. Nítorí náà la ṣe ń di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí a ń tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀, tí a ń rù ú. Àwọn ará Oǹdó mọ́kànlá tó ru obì wá sí Ìkàrẹ́ ń padà lọ lọ́wọ́ òfo, a bá wọn sọ ọ́, wọ́n gbà. Èmi àti Akíndélé yóò ru méjì tó kù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti di gbogbo wọn, a tẹ́ wọn sí àgbàlá Alùfáà Súlè. Ó ku ká gbéra.

Alùfáà ní, "Láéláé! Ẹ ò lè fi inú òfo kúrò nílé mi."

Odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé. Iyán náà funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ ní ẹja gbígbẹ nínú. Kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n ṣe àdúrà ìrìn-àjò fún wa. Àdúrà náà gùn, ó kan gbogbo ìlú tí a ó gbà kọjá. Oòrùn yọ sí orí òrùlé, ó sọ̀ sí àgbàlá. Abo kan kérora lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ. Mo bu òkèlè mìíràn.

Ìyá Fátùú wọlé, igbá èérí ọkà bàbà tó fi iyọ̀ pò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé àṣà wọn ni pé ẹni tó ta ẹran ni yóò fún un lóúnjẹ ìkẹyìn, tí yóò sì sìn ín dé ẹ̀yìn odi. Ó dúró sí àárín àgbàlá. Ó wo apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàlá.

"Ta ló di wọ́n?"

Akíndélé ní, "Àwa ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n jí?"

Akíndélé sọ òkèlè ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo ní kí ni wọ́n jí? Olè la máa ń dì báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Èyí tó kérora náà kò dìde. Ikùn rẹ̀ ti wú bí ìlù. Ìyá pè é ní orúkọ: "Dúdúyẹmí. Dúdúyẹmí o." Ó ti kú.

Kò sunkún, kò bú wa. Ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ àwọn yòókù títí wọ́n fi lè dúró. Ó yọ owó wa, ó kó o sórí ẹní níwájú mi, ó jáde. Àgùntàn méjìlá tẹ̀ lé e, wọ́n ń tiro, kò sí okùn lọ́rùn ẹyọ kan. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Alùfáà ní ẹran tí a kò dúńbú kì í ṣe jíjẹ. A gbẹ́ ilẹ̀, a sin ín. Kò gbé ohùn sókè sí wa. Oúnjẹ alẹ́ wa dé lásìkò rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Orúkọ wa ní ọjà

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ga, gbogbo ọjà ti gbọ́. A wá àgùntàn rà kiri. Obìnrin kan ní òun kò tà. Ọkùnrin kan ní tòun ń ṣàìsàn, àgùntàn náà sì ń fò sókè sódò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló sọ òótọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Oǹdó, igi ìdáná ń bẹ lọ́hùn-ún. Ẹ lọ dì í."

Ọjà hó yèè. Èmi pàápàá fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn aláàárù kò lè dúró dè wá, wọ́n lọ. Akíndélé lọ bẹ Ìyá Fátùú. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Ó fi òwe márùn-ún ṣáájú, ó fi ìtàn àrùn tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá ń gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ dé ibi tí Akíndélé dọ̀bálẹ̀ sí, ó ní kó sún díẹ̀, ó sì gbálẹ̀ kọjá.

Akíndélé padà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Pẹ̀lú kí ni?"

Ó tún jókòó.

Èmi kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Mo yá àdá Alùfáà, mo gé ewé ọdán àti ewé ìyeyè, mo rù ú lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá, mo kí i, mo padà. Kò wo mí. Ọjọ́ kejì, mo tún rù ú lọ. Ewé àná ti tán. Ọjọ́ kẹta, ó fi ọ̀pá júwe ibi tí n ó kó o sí, lábẹ́ ìbòji. Ọjọ́ kẹrin, ó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ, ṣé o yadi ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Àbúrò rẹ sọ̀rọ̀ títí oorun fi ń kùn mí. Ìwọ kò sọ nǹkan kan."

"N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó kérora, mo gbọ́, mo sì ń jẹun lọ."

Ó ní, "Ìwọ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹni tó gbọ́ ṣeé kọ́. Jókòó."

Ó kọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Abo àgbà, tó pè ní Ìyá Agbo, ni kó máa ṣáájú, àwọn yòókù kò ní í sọnù, ì báà jẹ́ inú igbó tàbí gbangba. Ìgbà tí wọ́n bá jí la ó rìn. Bí oòrùn bá dé àtàrí, ìbòji ni. Ní etí odò, wọn yóò gbóòórùn omi náà, wọn yóò mu kí àwa tó mu. Èyí tó bá dùbúlẹ̀, a ó bi í ní ohun tó dé.

Mo ní, "Ìyá, kí ni a ó fi kó wọn, bí kò bá sí okùn?"

"Iyọ̀ àti sùúrù. Iyọ̀ wà lọ́jà."

Ó ní òun yóò gba owó náà padà, ṣùgbọ́n òun kò ní í fi òmíràn dípò èyí tí a pa. Àti pé òun ń bá wa lọ dé Ọ̀kà, ìlú bàbá òun. Bí òun bá rí okùn lára ẹyọ kan kí a tó débẹ̀, òun ń kó gbogbo wọn padà, owó wa á sì padà bá wa.

Lábẹ́ òjò

Alùfáà Súlè tún fẹ́ kí a jẹun kí a tó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgùntàn wà nínú pápá, wọ́n ń jẹ tiwọn.

Ọjọ́ méjì la fi rin ọ̀nà tí ènìyàn ń fi òwúrọ̀ kan rìn. A sùn sí Àkùngbá. Mo gbádùn ìrìn náà ju bí mo ti rò lọ. Àgùntàn kì í béèrè ìbéèrè. Akíndélé ni kò lè dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àgbò náà sọ̀rọ̀, ó ní ìyẹn tilẹ̀ ń dáhùn ju èmi lọ.

A ti kọjá Etioro, a ti ń wo òkè Ọ̀kà, nígbà tí abo tó lóyún jù dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Òjò ti ṣú ní ìlà-oòrùn. Ilé àkọ́kọ́ ní Ọ̀kà kò ju ìjù òkúta mẹ́ta sí wa lọ.

Akíndélé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e. Òjò yìí burú. Bí a bá dì í, èmi nìkan á sáré rù ú débẹ̀." Ó ti ń tú ọ̀já ìdí rẹ̀.

Ìyá Fátùú ti lọ jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi. Ó fi àgbọ̀n lé orí ọ̀pá, ó ń wò wá. Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí àwọn obìnrin ilé méjìlá ń dúró dè wà lórí ọ̀já yẹn.

Mo ní, "Dá a padà mọ́dìí."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó ń rọbí. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀nà.

Òjò dé. Mo bọ́ agbádá mi, mo nà án sórí rẹ̀, Akíndélé di etí kejì mú, ó ń rojọ́ fún Ọlọ́run. Ọkùnrin kan yọ orí láti inú ilé.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣé ẹ kò rí òjò ni?"

Akíndélé ké padà pé, "Ó ń bímọ!"

"Ta ló ń bímọ?"

"Àgùntàn!"

Ilé náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ wá wo bàbá tó ń gbẹ̀bí àgùntàn!" Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n ń jáde. Obìnrin méjì gbé ẹní wá, wọ́n nà án sókè lórí wa. Ọkùnrin náà gbé màrìwò. Àwọn kan da àwọn àgùntàn yòókù lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ìlú tí a ti wá. Nígbà tí ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, tó sín, gbogbo wọn kígbe bí ẹni pé ọba ló sín.

Akọ ni. Akíndélé ní, "Oò! Abo la ń wá!" Obìnrin tó di ẹní mú gbá a lórí.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò lọ́dọ̀ wọn. Ní ilé náà, ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ jẹun: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti èérí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gún iyán tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí a sọ "Oǹdó" fún àwọn tó wá kí ọmọ.

Ìyá Fátùú kò dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àwọn àgùntàn ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó yọ àpò iyọ̀ ní èjìká rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dúró jẹun."

"Mo ti rí ohun tí mo wá wò."

Ó lọ, kò wẹ̀yìn. Ìyá Agbo ké, ó fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo nà án sí i. Ó wo ọ̀nà, ó wo ọwọ́ mi. Ó ronú díẹ̀. Ó wá lá a.

Ẹnu odi

Ìlọ́po méjì ọjọ́ tí a fi lọ la fi bọ̀. Kò sí èyí tó sọnù nínú igbó. Ọmọ náà nìkan ló gun ọrùn ènìyàn. Tèmi ló gùn, ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi, ó ń ké bí mo bá yára jù.

Ìròyìn ti ṣáájú wa dé Oǹdó. Àwọn obìnrin ilé méjìlá ti dúró ní ẹnu odi, okùn wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn, inú wọn dùn. Ìyá tó dàgbà jù ló bọ́ síwájú.

"Mélòó?"

"Abo mọ́kànlá, àgbò kan, ọmọ kan."

"Méjìlá la rán yín."

"A pa ọ̀kan. Àwa la pa á, kì í ṣe ọ̀nà. Ilé tèmi ni yóò pàdánù rẹ̀."

Ó wò mí, ó wo àwọn àgùntàn. Wọ́n dúró yí mi ká láàárín ọ̀nà, eruku bò wọ́n, wọ́n ń wo ìlú tuntun. Àwọn obìnrin ti ń na okùn bọ̀, oníkálukú ti ń yan èyí tó wù ú. Mo rí i pé Ìyá Agbo ń fẹ̀yìn rìn.

Mo ní, "Ẹ dá okùn padà sílé. Ẹ lọ bu omi wá."